Ogún Òkú, Ẹ̀kú Kan

Nínú ihò àpáta kan tí ojú rẹ̀ dà bí agbárí ènìyàn, ní ilẹ̀ Bangalla tí kò sí nínú máàpù kankan, ogún ọkùnrin ni wọ́n sin síbẹ̀: bàbá, ọmọ, ọmọ-ọmọ, títí ó fi kan bàbá ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Orúkọ kan náà ni ayé fi mọ gbogbo wọn, aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jẹ́. Àwọn ará ìta tí wọ́n ti ń gbúròó wọn láti nǹkan bí irinwó ọdún gbà tọkàntọkàn pé ẹnì kan ṣoṣo ni, pé kò kú rí, pé kò sì ní í kú láé. Phantom ni mo ń sọ. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Lee Falk, ló dá a sílẹ̀, ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1936 ni àwòrán rẹ̀ sì kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn, lábẹ́ iléeṣẹ́ King Features.

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí àwòrán onítàn. Mo ń yà á, mo ń kọ ọ́, mo sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ fi í jẹun. Kò sí irú akọni tí wọ́n ń gbé wá bá mi tó èyí tí kì í kú. Ọta kì í wọ̀ ọ́, idà kì í ràn án, ó ti wà láyé kí Odùduwà tó dé, yóò sì wà síbẹ̀ nígbà tí gbogbo wa bá ti lọ. Àwòrán wọn máa ń dára. Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi wọ́n: nígbà tí ọ̀tá bá na ìbọn sí ọkùnrin yìí, kí ni ẹni tí ń kàwé yóò máa bẹ̀rù? Bí kò bá sí nǹkan tí a lè pàdánù, ìjà náà di ijó. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá pàápàá kò tíì rí ojútùú ìṣòro yìí. Ní ìparí ọdún 1992, wọ́n pa Superman, ìwé náà sì tà bí omi òjò, ṣùgbọ́n ní 1993 ó ti padà. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ní akọni kan kú, òǹkàwé kì í sunkún mọ́. Ọjọ́ tí yóò jí ni ó ń retí.

Ìṣòro yìí kò ṣẹ̀yìn bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Àwòrán inú ìwé ìròyìn ń jáde lójoojúmọ́, ọdún ń gorí ọdún. Bí akọni bá ń dàgbà bí ènìyàn, kò ní í pẹ́ tí yóò fi máa ti ọ̀pá. Bí kò bá dàgbà, irọ́ ni, òǹkàwé sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń di ojú sí i. Falk kò di ojú sí i. Ó gbé ikú wọ inú ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fi ikú náà ṣe ìpìlẹ̀ àìkú. Mi ò tíì rí ẹlòmíràn nínú iṣẹ́ yìí tí ó ronú jìnlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà.

St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ni wọ́n bí Falk sí ní 1911. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà tí ìtàn rẹ̀ nípa Mandrake, onídán tí ń wọ fìlà gíga, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1934. Phantom ni ó tẹ̀ lé e. Falk fúnra rẹ̀ sọ pé ìwé tí òun kà ní kékeré ni ó fún òun ní èrò rẹ̀: ìtàn igbó tí Kipling kọ, Tarzan, àti àwọn akọni àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù. Orúkọ àwọn Bandar, àwọn kúkúrú ènìyàn tí wọ́n yí Phantom ká nínú igbó, láti inú ìwé Kipling ló ti wá.

Ohun tí ó jọ mí lójú jù nípa ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni pé Falk kò mọ ibi tí ó ń lọ nígbà tí ó gbéra. Nínú ìtàn àkọ́kọ́, nígbà tí Phantom ń bá ẹgbẹ́ àwọn ajalèlókun Singh jà, ọ̀dọ́mọkùnrin olówó kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Jimmy Wells. Ọ̀lẹ ni lójú gbogbo ènìyàn, ó sì ń fẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Diana Palmer. Òun gan-an ni Falk fẹ́ kí ó jẹ́ Phantom: ọlọ́rọ̀ ní ọ̀sán, akọni ní òru. Ìtàn náà ti ń jáde lójoojúmọ́ kí ó tó yí ọkàn padà. Ó fi Jimmy Wells sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó gbé akọni rẹ̀ lọ sínú igbó, ó sì fún un ní bàbá, bàbá àgbà àti baba ńlá. Ẹni tí ó bá ti kọ ìtàn tí a ń tẹ̀ jáde lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan mọ ohun tí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn, torí ohun tí o ti tẹ̀ lánàá kò ṣeé pa rẹ́. Ọ̀nà ọlọ́rọ̀ ọ̀sán yìí kì í ṣe ọ̀nà burúkú. Batman gbà á ní 1939, ó sì là á já. Ṣùgbọ́n Jimmy Wells ì bá ní ẹ̀mí kan péré. Falk wá nǹkan tí ó ju ẹ̀mí kan lọ.

Bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí. Ní 1536, ọkọ̀ òkun kan wọ etí omi Bangalla. Ọ̀gá ọkọ̀ náà àti ọmọ rẹ̀, Christopher, jọ wà níbẹ̀. Àwọn Singh kọ lù wọ́n, wọ́n pa gbogbo ènìyàn, omi sì gbé Christopher nìkan jù sí etí òkun. Àwọn Bandar rí i, wọ́n tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó rí òkú ajalèlókun kan lórí iyanrìn, aṣọ bàbá rẹ̀ sì wà lọ́rùn òkú náà. Falk kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọ náà pé ẹni tí ó pa bàbá rẹ rèé. Aṣọ ni ó sọ ọ́. Orí agbárí apànìyàn yìí ni Christopher gbé ọwọ́ lé, tí ó fi búra pé òun yóò máa bá olè orí òkun, ojúkòkòrò, ìwà ìkà àti ìrẹ́jẹ jà ní gbogbo ọjọ́ ayé òun, àti pé àwọn ọmọ òun yóò máa ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òun. Àwọn Bandar jẹ́ ẹrú lọ́wọ́ àwọn Wasaka nígbà náà. Ère òrìṣà tí àwọn Wasaka ń bẹ̀rù ni ó fi ṣe àwòkọ́ṣe aṣọ rẹ̀, òun àti àwọn Bandar sì jọ dìde, wọ́n gba òmìnira.

Wò bí ó ti tò ó: aṣọ ni ó fi apànìyàn hàn, aṣọ ni ó lé amúnisìn sá, aṣọ náà ni yóò sì di ẹni tí kì í kú. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ ka apá yìí lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n sì fi ìka tọ ibi tí aṣọ ti jáde.

Ọmọ Yorùbá kò nílò kí a máa ṣàlàyé ìyókù fún un. Bí egúngún ilé bá jáde lónìí, ẹni tí ó wà nínú ẹ̀kú kọ́ ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá wa ń tẹ̀ lé e ní kékeré. Síbẹ̀ ará ọ̀run kan náà ni a ń kí, oríkì kan náà ni a ń kì fún un. Awo mọ̀. Ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ mọ̀. N kò sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni Falk ti rí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ gúnlẹ̀ sí kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn Bandar ni awo nínú ìtàn yìí. Àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ ọ̀nà igbó pẹ̀lú ọfà olóró, àwọn ni wọ́n mọ iye ibojì tí ó wà nínú ihò, àwọn ni wọ́n ń ránṣẹ́ pe àrólé wálé. Ẹni kọkànlélógún, Kit Walker, wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní Missouri nígbà tí Guran, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn Bandar, mú ìròyìn dé pé bàbá rẹ̀ ń kú lọ. Ó padà, ó búra lórí agbárí kan náà, ó sin bàbá rẹ̀, ó wọ ẹ̀kú. Àwọn ará ìta kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kú.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ń bà wá nígbà tí ìbọn bá dún nínú ìtàn Phantom. Kò lè fò. Ọta ń wọ ara rẹ̀ bí ó ṣe ń wọ ara mi. Ohun ìjà rẹ̀ kò ju ìbọn ìléwọ́ méjì, ẹṣin kan, ìkookò kan tí ń jẹ́ Devil, àti òrùka tí ó máa ń fi àmì agbárí sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí ó bá lù. Bí ó bá kú lónìí, àlàfo wà nínú ihò fún un. Àwa tí a ń kàwé jẹ́ awo, a mọ̀ pé ó lè kú. Ọ̀tá tí ń bá a jà jẹ́ ọ̀gbẹ̀rì, ó rò pé kò lè kú. Láàárín ìmọ̀ méjèèjì yìí ni gbogbo adùn ìtàn náà wà. Akọni tí kò lè kú lóòótọ́ kò lè fún wa ní irú rẹ̀ láé, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ dára tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ojú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ mi wà lójoojúmọ́. Phantom ní ìbòjú, ṣùgbọ́n nínú ihò ìbòjú náà, funfun lásán ni a ń rí. Kò sí ẹyinjú. Falk sọ pé ère àwọn Gíríìkì ìgbàanì ni òun wò, tí ojú wọn ṣófo, tí ìyẹn sì ń fún wọn ní ọ̀wọ̀ àti ẹ̀rù. Lórí tábìlì ayàwòrán, ó ṣe ju ìyẹn lọ. Bí o bá ń ya ènìyàn, ẹyinjú ni ó ń tú àṣírí ọjọ́ orí. O lè fi yíǹkì bo ìhunjọ ẹ̀gbẹ́ ojú, o lè sọ àgbọ̀n di líle, ṣùgbọ́n bí o bá ti fi dúdú kékeré yẹn sí àárín funfun, ẹni náà ti di ẹnì kan, ó ti ní ìgbà tirẹ̀. Yọ ọ́ kúrò, ọmọ ogún ọdún àti ẹni àádọ́ta ọdún lè wọ ojú kan náà. Àwọn tí wọ́n dé lẹ́yìn rẹ̀, Batman ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, gba ojú funfun yìí lò. Mo gbà pé kò sí ibi tí ó ti ṣiṣẹ́ tó ti Phantom, torí pé níhìn-ín ni ó ti ní ìdí nínú ìtàn.

Àwọ̀ ẹ̀kú náà kò rí bẹ́ẹ̀. Eérú ni Falk fọkàn sí, ṣùgbọ́n nígbà tí àwòrán ọjọ́ Àìkú bẹ̀rẹ̀ ní 1939, elésè àlùkò ni àwọn atẹ̀wé fi kùn ún, ó sì di bẹ́ẹ̀. Ní Sweden, búlúù ni. Ní Ítálì, Tọ́kì àti Brazil, pupa ni. Kò sí orílẹ̀-èdè tí òǹkàwé ti sọ pé ti àwọn kọ́ ni ojúlówó.

Ohun kan wà tí àwọn tí ń ka ìwé náà fún ìgbádùn kì í sábà kíyè sí. Àwọn tí ń ya Phantom náà ń jẹ oyè lẹ́yìn ara wọn. Ray Moore ni ó kọ́kọ́ yà á, pẹ̀lú òjìji dúdú tí ó jinlẹ̀ àti ìlà tí ó rọ̀. Wilson McCoy, tí ó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, gba iṣẹ́ náà ní àwọn ọdún 1940. Ọwọ́ tirẹ̀ le díẹ̀, ara ènìyàn rẹ̀ dúró gbagidi bí igi. McCoy kú ní 1961. Sy Barry dé, ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe: iṣan ara, ewé igbó, ìmọ́lẹ̀ lára àpáta. Ó yà á títí di 1994. Bí ìwọ bá to àwòrán àwọn mẹ́ta yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ojú mẹ́ta ni wàá rí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ra ìwé ìròyìn rẹ̀ lójoojúmọ́ kò yéé pè é ní Phantom. Falk nìkan ni kò kúrò. Ó kọ ọ́ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, títí tí ọlọ́jọ́ fi dé ní oṣù Kẹta ọdún 1999. Iṣẹ́ náà kò dúró. Tony DePaul wà lára àwọn tí wọ́n gbà á. Bí Falk bá jẹ́ kí akọni rẹ̀ jẹ́ Jimmy Wells, bóyá ikú ẹlẹ́dàá rẹ̀ ì bá ti mú un lọ. Ó ti kọ́ òǹkàwé láti ọdún tí ó ti pẹ́ pé ọwọ́ lè yí padà.

Ìwé ìrántí tún wà nínú ihò náà. Phantom kọ̀ọ̀kan ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ẹni tí ó wà lóyè sì ń ṣí wọn kà. Fún òǹkọ̀wé, ilé ìṣúra ni èyí. Bí ìtàn ìsinsìnyí bá sú u, ó ṣí ìwé ti ẹni kẹfà, ẹni tí òun àti ajalèlókun kan tí ń jẹ́ Redbeard dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun igbó sílẹ̀, tí ọ̀gá wọn kò jẹ́ mímọ̀ fún wọn títí dòní. Ó ṣí ti ẹni kẹtàdínlógún, ó bá Julie níbẹ̀, arábìnrin ìbejì rẹ̀, tí ó wọ ẹ̀kú dípò rẹ̀ nígbà tí kò lè jáde. Ọkọ̀ onígbòkun, ẹrú, ọba, ìbọn ètù: gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tí ó ta ko òmíràn.

N kò lè kọ gbogbo èyí kí n má sọ èyí tí ó ń dùn mí. Aláwọ̀ funfun ni wọ́n fi joyè nínú igbó àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì ní irinwó ọdún ni àwọn onílẹ̀ fi gbà á gbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, apá Éṣíà ni ilẹ̀ náà jọ. Nígbà tí ó yá ni ó di Áfíríkà. Àwọn atẹ̀wé Indrajal ní Íńdíà tilẹ̀ yí orúkọ rẹ̀ sí Denkali, kí ó má baà jọ Bengal. Ibi yòówù kí ó bọ́ sí, ọgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ti akọni lọ. Falk ṣe àtúnṣe bí àwọn orílẹ̀-èdè wa ti ń gba òmìnira: ó fún Bangalla ní Ààrẹ tí wọ́n dìbò yàn, Lamanda Luaga, dókítà, ọ̀rẹ́ Phantom, tí kì í tẹrí ba fún un. Mo yìn ín fún ìyẹn. Kò pa egbò náà jinná. Ohun tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ wa mú níbẹ̀ ni ẹ̀kú, ìbúra, ibojì àti ìwé ìrántí. Kí ó fi ìyókù sílẹ̀. Irinṣẹ́ ni wọ́n. Kò sí ẹni tí ó ni wọ́n.

Ní 1975, wọ́n ṣe ìwé àwòrán kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títà ní Nàìjíríà. Powerman ni orúkọ akọni rẹ̀. Ènìyàn dúdú ni, ó lágbára, ó ń fò, oró ejò nìkan ni ó lè mú un. Dave Gibbons àti Brian Bolland ni wọ́n ń yà á, àwọn méjèèjì tí wọ́n di ìlú mọ̀ọ́ká lẹ́yìn náà, ọ̀kan pẹ̀lú Watchmen, èkejì pẹ̀lú The Killing Joke. Donne Avenell àti Norman Worker ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì yìí kan náà sì kọ ìtàn Phantom fún àwọn ará Sweden. Ọwọ́ tí ó kọ àìkú ti Phantom ni ó kọ agbára ti Powerman, a kò sì gbọ́ Powerman mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1988, orúkọ rẹ̀ pàápàá yí padà sí Powerbolt, nítorí Marvel ti ní Power Man tiwọn. Lójú tèmi, agbára ni wọ́n fún un, wọn kò fún un ní ìdílé.

Ibi tí Phantom sì dé kọjá ohun tí Falk lè rò. Ìwé rẹ̀ ń jáde ní Austrélíà láti 1948, ní Sweden láti 1950. Ní àwọn òkè Papua New Guinea, ní àfonífojì Wahgi, àwọn jagunjagun ya àwòrán rẹ̀ sára apata tí wọ́n gbé lọ sójú ogun. Wọ́n ti gbọ́ pé ẹni yìí kì í kú.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni ti àrólé. Phantom fẹ́ Diana Palmer ní 1977, wọ́n sì bí ìbejì, Kit àti Heloise. Àwọn ẹlòmíràn ti fò síwájú: eré àwòrán Defenders of the Earth, ní 1986, lo ẹni kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Phantom 2040, ní 1994, lo ẹni kẹrìnlélógún. Ọkùnrin ni àwọn méjèèjì. Ní tèmi, Heloise ni kí ó gba ẹ̀kú lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó ní láákàyè, ó ní àyà, Julie sì ti fi hàn tipẹ́ pé aṣọ náà ń gba obìnrin. Iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí yóò yà á. Yàtọ̀ sí ìgbà díẹ̀ ti Julie, láti irinwó ọdún, ohùn ọkùnrin ni igbó náà mọ̀, èjìká ọkùnrin ni ọ̀tá ń rí lójú òkùnkùn. Bí yóò ṣe dúró, ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti máa bà á, iye ọ̀rọ̀ tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀gbẹ̀rì: ojú ewé kìíní gan-an ni ayàwòrán gbọ́dọ̀ ti yanjú rẹ̀.